Ìwé Tí Kò Dé Ìbàdàn

Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká ka ìtàn náà dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ń fi etí bùbá rẹ̀ nù ún. Ìbíwùmí jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń wo ẹnu tíṣà rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ìkòkò orí iná.

"Ìbíwùmí, Èkó tí o ń kọ nípa rẹ̀ yìí, ṣé o ti gbé ibẹ̀ rí?"

"Rárá, sà. Mo kàn bá dádì mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni."

"Àwọn adigunjalè yìí ńkọ́? Níbo lo ti rí wọn?"

"Nínú fíìmù, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ti inú fíìmù ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀." Ó to àwọn ìwé náà jọ, ó nà wọ́n sí i. "O mọ Yorùbá kọ, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìtàn yìí tí mo lè kí 'ẹ kú àárọ̀' kó sì dá mi lóhùn. Lọ kọ nípa ohun tí o mọ̀."

"Ọjọ́ ti lọ, sà."

"Ó ti lọ lóòótọ́. Nítorí náà, má fi èyí tó kù ṣeré."

Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ló ń wá ìwé ìtàn àròsọ láti ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù, wọn yóò tẹ ìwé rẹ̀ jáde, wọn yóò sì fi fọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń kọ Àkúrẹ́ sára lẹ́tà tó yẹ kó wá sí Adó. Bẹ́ẹ̀ ni ìkéde náà ṣe rìn gbéregbère kó tó dé Ìkéré. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti bẹ̀rẹ̀ kí Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká tó rí i. Ìwé náà kò gbọdọ̀ dín ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ sì ni wọn yóò gba èyí tó kẹ́yìn.

Ìbíwùmí Bámijókò ń múra láti wọ kíláàsì àṣekágbá ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé kún ilé wọn dé orí fíríìjì, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ ọ̀kan rí. Láti kékeré ni Ìbíwùmí ti ń sọ pé òun ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́. Nígbà tó sọ ti ìdíje yìí fún bàbá rẹ̀, bàbá náà ronú díẹ̀, ó ní, "Mo fún ọ ní ìsinmi yìí. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ìdánwò ló kù. N kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ ìtàn àròsọ mọ́ títí o fi máa jáde."

Ìbíwùmí fa ìtàn Èkó náà ya. Ó gbé tábìlì kékeré kan lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí òkè Olósùnta ti yọ gàgàrà lókè àwọn òrùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó kọ nípa ọmọ ọba kan, ọmọ ọba náà kò rí nǹkan kan ṣe lẹ́yìn ojú ewé kẹfà. Ó kọ nípa nọ́ọ̀sì kan, ó sú òun fúnra rẹ̀. Bó bá ti parí iṣẹ́ ilé ni yóò ti jókòó, tí yóò máa kọ, tí yóò máa pa á rẹ́. Ọjọ́ kò dúró dè é.

Ọdún Olósùnta bọ́ sí àárín àkókò yìí. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú títì, wọ́n ń kọrin, ariwo gba gbogbo àdúgbò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christiana Ògúnlẹ́yẹ wá pè é, ó dúró lẹ́bàá ògiri ọgbà.

"Ìbíwùmí, kí lo ń ṣe nínú ulé? Gbogbo ulú ti jáde!" Èkó ni Christiana ti wá. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ni ìyá rẹ̀ kó wọn padà sí Ìkéré, ó sì fẹ́ràn láti máa fi èdè Ìkéré dá àpárá.

"Mi ò lè jáde. Mi ò tíì rí nǹkan gidi kan kọ."

"O ò ṣe kọ nípa tèmi? Kọ pé arẹwà ọmọ kan wà ní Ìkéré." Christiana rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́ sí i, ó sì sáré bá àwọn tó ń lọ.

Ìbíwùmí ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìtàn Bọ̀dá Níyì ti wá sí i lọ́kàn.

Ọláníyì ni ẹ̀gbọ́n Christiana, àkọ́bí ìyá wọn. Gbogbo èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló mọ̀ pé Jámánì ló wà. Fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ wọn, níbi tí ó ti wọ ẹ̀wù òtútù pupa kan tó balẹ̀ dé orúnkún, tó dúró láàárín yìnyín, tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "Ó wà dáadáa, ó ní kí n kí yín." Ṣùgbọ́n ní sáà tó kọjá, lọ́jọ́ kan tí òjò dá àwọn méjèèjì dúró nínú kíláàsì, Christiana sunkún, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bọ̀dá Níyì kò sí ní Jámánì mọ́. Abọ́ ló ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un pé kò ní ìwé ìgbélùú, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfurufú dá a padà sí Èkó pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn. Ìtìjú kò jẹ́ kó wá sí Ìkéré. Ó lọ sórí ilẹ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ó ń dáko. Ìyá rẹ̀ náà kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún àwọn tó ti bá òun dúpẹ́ níwájú pẹpẹ.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, Ìbíwùmí. Màmá mi á kú."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni Ìbíwùmí dáhùn nígbà náà, òótọ́ inú rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọdún yẹn, ó mú ìwé tuntun, ó kọ gbólóhùn kan nípa ìyá kan tó ń nu eruku ara fọ́tò ọmọ rẹ̀. Gbólóhùn kan fa òmíràn. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, àwọn tó lọ síbi ọdún ti ń padà bọ̀, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ ń dun òun.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti ń yá. Kò ní láti ronú pé kí ni ìyá náà yóò sọ báyìí. Ó ti gbọ́ ọ rí. Kò ní láti ronú bí àbúrò yóò ṣe sunkún. Ó ti rí i. Ó pe Níyì ní Solomon. Ó sọ Ìkéré di Ẹmùré, ó sọ Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì di Ìlasà. Nígbà tó kan ẹ̀wù pupa àti yìnyín, ó gbìyànjú láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá fi síbẹ̀ kì í dùn tó. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ó mọ̀. Bí Christiana bá wá kí i, yóò yára ti ìwé sábẹ́ apá. Lálẹ́, bó bá ti fẹ́ sùn, yóò sọ fún ara rẹ̀ pé, "Tí mo bá parí rẹ̀, màá sọ fún un." Nígbà mìíràn yóò ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ nípa òun." Ó sì mọ̀ pé àwàdà ni Christiana ṣe. Ká ní àkókò wà, bóyá ìbá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì náà ń bọ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dá òun dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká ka ìdajì ìtàn náà lórí ìjókòó kan. Nígbà tó ṣe tán, kò nu awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Níbo ni èyí ti wá?"

"Mo rò ó ni, sà."

"Ìyá yìí! Bí ẹni pé mo ti rí i rí." Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Parí rẹ̀ kíá. Mò ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì tí wọn yóò gbà á kẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni màá fi lé wọn lọ́wọ́."

Inú Ìbíwùmí dùn débi pé ó sáré délé.

Ó parí ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, ó sì gbé e lọ fún Fisáyọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń taipù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Odò Ọjà. Fisáyọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ohun tí Ìbíwùmí kò rò ni pé ẹni tó ń taipù ìtàn ń kà á pẹ̀lú, àti pé ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá Níyì ń lọ ni Fisáyọ̀ wà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Fisáyọ̀ kó iṣẹ́ náà fún un. Ó ní, "Ìbíwùmí, ìtàn rẹ pa mí lẹ́kún. Fọ́tò oníyìnyín yẹn, mo mọ ilé tí irú rẹ̀ wà."

"Fọ́tò oníyìnyín pọ̀," ni Ìbíwùmí wí, ó sì yára jáde. Ó gbé ìwé náà lọ sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá dúró ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí ara wọn. Fisáyọ̀ kò ní ìkà nínú. Ó kàn rí ìyá Níyì, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú ìsìn, mà. Ṣé lóòótọ́ ni pé Bọ̀dá Níyì ti dé láti Jámánì? Wọ́n ní wọ́n ń dáko lápá Ìlasà."

Ká ní obìnrin náà rẹ́rìn-ín ni, ká ní ó bínú, ọ̀rọ̀ náà ì bá kọjá lọ. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó wo Fisáyọ̀, ó wo àwọn ìyá yòókù, ó sì padà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ìgbà náà ni gbogbo wọn mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ti wá sílé wá kí i pé ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Àwọn mìíràn kò wá, wọ́n dúró sílé wọn, wọ́n ń rojọ́ pé ọdún méjì ni wọ́n fi ń bá ẹni tí kò sí ní Jámánì dúpẹ́ Jámánì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá Níyì kò lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀.

Christiana wá sí ilé àwọn Ìbíwùmí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò kan ilẹ̀kùn. Ìbíwùmí àti ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́.

"Ṣé o kọ ọ́?" ni Christiana béèrè.

"Christiana, ìtàn àròsọ ni. Mo yí orúkọ padà. Solomon ni mo—"

"Ẹ̀wù pupa ńkọ́? Ṣé o yí ẹ̀wù pupa padà?"

Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ò tiẹ̀ sọ ọ́ lásán, o taipù ú!" Christiana kò sunkún rárá. Ó kí ìyá Ìbíwùmí, "Ẹ káàsán, mà," bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àgbàlagbà wà níbẹ̀, ó sì lọ.

Ìyá Ìbíwùmí gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó béèrè gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìbíwùmí sì sọ ọ́. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ní, "Lọ wẹ ojú rẹ. A ń lọ bẹ ìyá ọlọ́mọ."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lọ tí ilẹ̀kùn kò ṣí. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá Níyì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú. Fọ́tò náà kò sí lára ògiri mọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi yòókù lọ. Ìbíwùmí kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà dá a dúró.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Ìyá Ìbíwùmí. Mo mọ̀ pé èmi náà purọ́. Ìyẹn wà láàárín èmi àti Ọlọ́run mi." Ó wá kọjú sí Ìbíwùmí. "Níyì kò tíì gbọ́. Ó rò pé àṣírí òun ṣì bò. Bí ẹnì kan láti Ìkéré bá lọ pàdé rẹ̀ lọ́jà, tó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, n kò mọ ohun tí yóò ṣe. Èmi kò ní ẹnu tí màá fi sọ ọ́ fún un. Ìwọ lo ní ọ̀rọ̀. O kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Lọ sọ ọ́ fún un. Christiana á mú ọ débẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Adó, wọ́n sì wọ òmíràn níbẹ̀. Wọ́n jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èjìká wọn ń gbá ara wọn bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, Christiana kò sì sọ ju "Sún sọ́hùn-ún" lọ títí wọ́n fi dé. Nínú báàgì Ìbíwùmí ni ìwé tó fọwọ́ kọ wà. Èyí tí Fisáyọ̀ taipù ti wà nínú báàgì Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká, ó ń dúró de àárọ̀ ọ̀la.

Wọ́n bá Níyì lóko, ó ń wa iṣu. Ọkùnrin gíga ni, ó dúdú ju ti inú fọ́tò lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti le. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Christy! Ṣé kò sí? Màmá ńkọ́?"

"Màmá wà. Ìbíwùmí nìyí. Ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ẹ sọ." Christiana lọ jókòó sábẹ́ igi kòkó kan, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ní gbogbo ọ̀nà ni Ìbíwùmí ti ń to ọ̀rọ̀ sọ́kàn. Nígbà tó dé ojú ẹ̀, kò rí ọ̀kankan lò nínú wọn. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú uṣẹ́, mo kọ ìtàn yín sínú ìwé, n kò gba àyè lọ́wọ́ yín, àwọn èèyàn sì ti mọ̀ ní Ìkéré." Gbogbo rẹ̀ ti tán kó tó mí.

Níyì ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó mú iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó tò ó ti àwọn yòókù. Ó na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n rí i."

Ó jókòó sórí ebè, ó ń kà. Ìbíwùmí dúró. Ẹyẹ ń ké, òórùn ilẹ̀ tútù gba ibi gbogbo. Nígbà tó yá, Níyì bú sẹ́rìn-ín lójijì.

"'Omijé dì lójú Solomon bí yìnyín.' Ta ló sọ èyí fún ọ? Omijé kì í dì lójú ẹni níbẹ̀. Imú ló máa ń yọni lẹ́nu jù."

Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín. N kò ní fi òótọ́ pamọ́ fún ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí: ẹ̀rín yẹn sọ ìrètí kan jí nínú rẹ̀. Ó rò pé inú Níyì ti yọ́. Ó rò pé, bóyá yóò ní, kò burú, máa gbé e lọ.

Níyì kà á síwájú. Nígbà tó dé ibi tí ìyá ti ń nu eruku ara fọ́tò, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ìwé dé.

"Ṣé báyìí ni Màmá ṣe ń nù ún lóòótọ́?" ni Níyì bi Christiana.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Christiana dáhùn láìyíjú padà.

Níyì gbé ìwé náà lé orúnkún.

"Mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, màá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì," ló wí. "Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bi ìyá mi. Ó yẹ kó jẹ́ èmi ni mo máa dúró tì í lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi kékeré náà, ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo jù fún un, ó wá ẹnì kan bá sọ ọ́ kó lè sùn. Ìwọ ló rí. Kí lo wá fi ṣe?"

Ìbíwùmí wolẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ gbà á ní Ìbàdàn?"

"Ọ̀la, Bọ̀dá."

"Ṣé ó máa gba ipò kìíní?"

"Tíṣà mi ní ó ṣeé ṣe."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ó dára." Ó fún un ní ìwé rẹ̀ padà. "Kò gbọdọ̀ lọ. Ká ní o wá bá mi kí o tó kọ ọ́, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ṣùgbọ́n o ò wá. Nítorí náà, rárá."

"Mo gbọ́, sà," ni Ìbíwùmí wí. Ó fi ìwé náà sí báàgì.

Wọ́n padà dé Ìkéré ní ìrọ̀lẹ́. Christiana sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ wọn, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ìbíwùmí dúró lẹ́bàá títì. Ọ̀nà ilé wà lápá ọ̀tún, ilé Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká wà lápá òsì. Bó bá lọ sílé, tó wẹ̀, tó jẹun, tó sì sùn, ìwé náà yóò ti wà lọ́nà Ìbàdàn kó tó jí. Yóò lè sọ pé òun kò tètè bá a mọ́. Níyì kò mọ tíṣà rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ títí tí ọlọ́kadà kan fi bi í bóyá ó ń lọ. Ó mi orí, ó sì yà sápá òsì.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká ń di ẹrù. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Ìbíwùmí bá wá, ó ṣí ẹnu sílẹ̀.

"Ìbíwùmí, mo ti gbọ́ àròyé tó wà nílùú. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n a lè tún un ṣe. Sọ Jámánì di London, yọ fọ́tò kúrò. A lè jókòó tì í báyìí."

"Ìtàn wọn náà ló máa jẹ́, sà. Wọ́n ní rárá."

"Ìwé tó lè sọ ọ́ di ẹni ńlá rèé o!"

"Kì í ṣe tèmi, sà."

Tíṣà náà wò ó. Ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ pa orí. "Èmi ni mo ní kí o kọ nípa ohun tí o mọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó yẹ kí n bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n." Ó ṣí báàgì, ó fa ìwé náà yọ, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ní ìparí ọdún, wọ́n kéde orúkọ ọmọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ pé òun ló borí. Ìbíwùmí gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì jáde kúrò ní pálọ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó wá lọ kàwé ìdánwò rẹ̀.

Níyì wálé kí ọdún tó tán. Ọjọ́ Àìkú ló dé, ó sì bá ìyá rẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ayé. Àwọn kan fi í ṣe ẹ̀sín. Àwọn kan kí i káàbọ̀. Kó tó di Ọdún Àjíǹde, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ẹnu wọn.

Christiana dárí ji Ìbíwùmí. Kò yá, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Nínú sáà kejì, ó padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n jọ ń ka Bàọ́lọ́jì, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí wọn yóò ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìbíwùmí rí i pé ojú Christiana pọ́n, ó sì fọwọ́ kàn án.

"Christiana, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan," ni Christiana wí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ṣí ìwé rẹ̀.

Nǹkan kan wà. Ìbíwùmí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò tún ní gbọ́ ọ láéláé. Ìyẹn dùn ún ju ìdíje Ìbàdàn lọ. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ̀wé lè tún rí ìdíje mìíràn, ọjọ́ ìparí mìíràn sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ ẹni sọ fúnni nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé wa, tiwa kọ́ láti lò, bí ó ti wù kó dùn tó lórí ìwé, bí ó sì ti wù kí àkókò máa lé wa tó. Ká kọ́kọ́ gba àyè. Bí wọ́n bá ní rárá, ká wá òmíràn kọ.